Ẹran Irin Létí Kànga Gufu

Ní ilẹ̀ Bórana, ilẹ̀ àwọn darandaran, bí o bá dé etí kànga, wọn kì í kọ́kọ́ bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Ẹran wo lo kó wá ni wọ́n máa bi ọ́. Bó o bá dáhùn tán, wọ́n á wá ibì kan fún ọ nínú ètò, ì báà tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìn gbogbo ayé. Wọn ò ní lé ọ. Ẹni tó bá lé ẹran tí òùngbẹ ń gbẹ kúrò létí omi, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ìyá máa fi dẹ́rù ba ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi ìkookò dẹ́rù bà á.

Ní kànga Gufu, Jaldesa Molu ló ń bi ènìyàn ní ìbéèrè yẹn. Bàbá Ètò ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe òun ló ni kànga, ìdílé tó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ ló ni ín, ṣùgbọ́n òun ló ń to agbo ẹran lẹ́sẹẹsẹ, tó ń sọ pé tìẹ lónìí, tìẹ lọ́la, ìwọ ṣì jókòó ná. Ó ga, ó gbẹ, ó sì fẹ́ràn ara rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Ẹ jẹ́ n má parọ́ mọ́ ọn o. Kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kì í ṣojúsàájú, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sì ti parí ọ̀pọ̀ ìjà tí wọn ì bá fi ìbọn jà. Àmọ́ kó máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé ọ̀rọ̀ Jaldesa kì í yẹ̀, oyin ni létí rẹ̀. Oyin yẹn ló kó bá a.

Lọ́dún tí òjò àkọ́rọ̀ kọ̀ tí kò rọ̀, àwọn kan wá kọ́ ilé ọlọ sẹ́yìn òkè. Òkúta ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀ láti yọ wúrà inú rẹ̀. Ariwo ọlọ náà ń dé Gufu látàárọ̀ dalẹ́, àwọn màlúù kọ́kọ́ ń sá fún un kó tó di pé ó mọ́ wọn lára. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi gbọ́ pé ọlọ yìí kò lè lọ òkúta ní gbígbẹ, omi ló fi ń lọ̀ ọ́, omi ló sì fi ń fọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ni ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn onílé ọlọ máa kó ṣọ́jà wá gba kànga. Àwọn mìíràn ní oògùn tí wọ́n fi ń yọ wúrà máa ṣàn wọ inú omi. Àwọn ọ̀dọ́ ò sọ púpọ̀, wọ́n kàn ń nu ìbọn wọn.

Ọ̀gá ilé ọlọ ò kó ṣọ́jà kankan wá. Getinet lorúkọ rẹ̀, ará òkè àríwá ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ti béèrè dáadáa bí wọ́n ṣe ń wọlé tọ àwọn àgbà Bórana. Ó gbé èso kọfí àti tábà wá. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n máa ń pàdé sí. Àwọn obìnrin dín kọfí náà nínú bọ́tà, wọ́n pín in, wọ́n súre fún màlúù àti fún òjò. Nígbà tí àwọn àgbà fi máa jẹ kọfí rẹ̀ tán, ojú tí wọ́n fà ro ti ń tú. Ó ní àlejò lòun, òùngbẹ ń gbẹ ọlọ òun, òun ò sì ní fi tipá gba nǹkan kan. Kí wọ́n ṣáà fi òun sínú ètò bí wọ́n ṣe ń fi gbogbo àlejò sí i.

Jaldesa wò ó títí. Ó ti pẹ́ tí ènìyàn ńlá kan láti ìgboro ti tẹrí ba fún kànga Gufu báyìí, inú rẹ̀ sì dùn, ó dùn ju bó ṣe jẹ́ kó hàn lójú lọ.

“Ẹran wo lo kó wá?” ló bi í.

Getinet rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bàbá, ẹran kan ṣoṣo ni mo ní. Irin ni. Kò níwo, kò lè kan ẹnikẹ́ni.”

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ igi. Àwọn àgbà tó ti ń fajú ro láti ọjọ́ yìí ń lu ara wọn lẹ́yìn. Jaldesa náà rẹ́rìn-ín, ó wá na ọ̀pá rẹ̀, ó ní ó dáa, kí wọ́n to ẹran irin sí ẹ̀yìn agbo àlejò. Ó ku ẹni tó máa dúró fún un, nítorí àlejò kì í gba ipò ní kànga láìjẹ́ pé ẹnì kan tó ti wà nínú ètò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwàdà ti di ọ̀rọ̀ ìnira.

“Èmi dúró fún un,” ni Jaldesa wí.

Láti ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọ agbada kọfí, ohùn kan jáde. Tadhi ni, ẹ̀gbọ́n Jaldesa lobìnrin, opó tí kò ní ju màlúù díẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. “Ẹran tí kò níwo yìí,” ló wí, “ṣé ó níkùn?” Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀. Ó ń fọ agbada rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n dáhùn. Òfin kan wà ní kànga tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ: a kì í fa ẹran kúrò nídìí ọpọ́n kó tó gbé orí fúnra rẹ̀. Bó bá ṣì tẹ orí mọ́ omi, òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́, èèwọ̀ sì ni kí ọwọ́ kan ẹran tí òùngbẹ ń gbẹ. Òfin kejì ni pé ipò tí wọ́n bá ti fún ènìyàn, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí òjò á fi rọ̀. Òfin méjèèjì dára. Wọ́n ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe wọ́n ò rí ẹran tí kì í yó rí, wọn ò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ nípa rẹ̀.

Ọjọ́ tí ipò ọlọ kọ́kọ́ kàn, ọkọ̀ tánkà kan rọra sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹnu kànga. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí Getinet háyà tò sínú kànga láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n ń ju garawa awọ látọwọ́ dé ọwọ́. Bó bá jẹ́ màlúù ni wọ́n ń fa omi fún, orin ni wọ́n fi ń fà á, wọ́n á máa ki màlúù náà, wọ́n á máa ki ẹni tó ni ín. Wọn ò mọ orin tí wọn yóò kọ sí tánkà. Ta ní fẹ́ ki irin? Wọ́n fa omi náà láìfọhùn, apá sì tètè ro wọ́n.

Tánkà kún, ó lọ. Àwọn tó kàn ti ń da ẹran wọn bọ̀ nígbà tó tún yọ lókè. Ó ti lọ da omi sínú kòtò ńlá kan tí wọ́n tẹ́ rọ́bà dúdú sí lẹ́yìn òkè, ó sì tún fẹ́ mu. Àwọn darandaran figbe pe Jaldesa. Getinet, pẹ̀lú ohùn tútù yẹn náà, ní kí wọ́n má bínú, ẹran kan náà ni, kò tíì gbé orí ni. Kò parọ́. Ìyẹn ló sì ń dunni jù níbẹ̀.

Jaldesa dúró láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó ní òfin ni òfin, kí wọ́n jẹ́ kó mu, kò ní pẹ́ yó. Títí oòrùn fi wọ̀, tánkà ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tí ipò rẹ̀ tún yí kàn án, bákan náà ni. Omi kànga ń sá lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń fi ènìyàn kún àwọn tó ń fà á, ohun tó sì ń dé ọpọ́n fún àwọn tó kẹ́yìn ò yàtọ̀ sí ẹrẹ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Jaldesa mọ̀ pé tòun ti bọ́. Àwọn tó máa ń kí i tìtara-tìtara ń kí i bí ẹni ń san gbèsè. Bó bá gba ipò lọ́wọ́ ọlọ kí òjò tó rọ̀, lọ́la ni oníbọn kan máa wá sọ pé kó gba ti aládùúgbò òun fún òun náà, kí ló sì máa fi dá a lóhùn? Ètò Gufu máa tú, ẹ̀jẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Bó bá fi í sílẹ̀, kànga tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ mu máa kú lójú rẹ̀. Kò rí oorun sùn.

Tadhi wá bá a nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wàrà ni ènìyàn máa ń gbé lọ bá ọmọ ìyá rẹ̀. Igbá tí Tadhi gbé wá, ó bò ó, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ẹni gbé wàrà.

“Mu,” ló wí.

Ó ṣí i. Ẹrẹ̀ ni.

“Ohun tí wọ́n fún Magaala màlúù mi mu láàárọ̀ yìí nìyẹn,” ni Tadhi wí. “Ó lóyún, Jaldesa. Oyún ti wà nínú rẹ̀, ọmú rẹ̀ sì ti gbẹ. Bó bá kú, màlúù wo ni mo tún ní tó lè bí?”

Jaldesa ní kó fi òun sílẹ̀, pé kò sóhun tóun lè ṣe, òfin ló so òun lọ́wọ́.

“Òfin!” Tadhi rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. “Ọdún tí ikọ́ mú màlúù ọkọ mi, ta ló lé wa jáde ní kànga? Ìwọ ni. O ní ẹran tí ara rẹ̀ ò dá kì í bá tàwọn yòókù mumi. O lé Huqa náà tẹ̀ lé wa torí pé òun ló dúró fún ọkọ mi. Mo bú ọ bí? Mi ò bú ọ. Mo da ẹran mi lọ, mo sunkún tèmi lọ́nà. Mo rò pé òfin wà fún gbogbo wa ni.”

Ó gba igbá rẹ̀, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Jaldesa lọ dúró sí ìdí ọpọ́n nígbà tí wọ́n ń fún ẹran Tadhi lómi. Magaala tẹ orí bọ ẹrẹ̀, ó fà á díẹ̀, ó tún fà á. Ó gbé orí. Kò yó, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀, gbogbo ènìyàn rí i, ṣùgbọ́n ó gbé orí, ó wo ẹ̀yìn, ó sì yẹra fún èyí tó kàn. Jaldesa ń wò ó bí ẹni tí kò rí màlúù rí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn àgbà. Ó ní kí wọ́n pe Getinet náà wá, kó wá gbọ́ ohun tó wà nínú àwọn ènìyàn.

Getinet wá, ó bọ́ bàtà bíi ti tẹ́lẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ fún wọn. Ó ní òun gbọ́ pé ara ń kan wọ́n, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ó ya àwòrán sórí ilẹ̀ pẹ̀lú igi, ó fi bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ òkúta hàn wọ́n, ó ní omi tí ọlọ mu máa ń padà wálẹ̀ bó bá yá. Ó ní kò sí oògùn kankan tó máa jáde nínú kòtò òun. Ó ní lẹ́yìn òjò, ilé iṣẹ́ máa gbẹ́ kànga oníẹ̀rọ fún wọn, ẹnikẹ́ni ò tún ní wọ inú ihò mọ́. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó dà bíi pé ó gba ara rẹ̀ gbọ́.

“Bó bá yá, lẹ́yìn òjò,” ni Tadhi wí láti ẹ̀yìn. “Ẹ lọ sọ fún Magaala kó dúró de ìgbà yẹn.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ó sì tán lẹ́nu wọn kíá. Jaldesa dìde. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ kó lè dúró dáadáa.

“Getinet, ẹran rẹ, ṣé ó ti yó?”

“Kò tíì yó, Bàbá.”

“Ìgbà wo ló máa yó?”

Ó ṣeé ṣe fún Getinet láti parọ́, kò sì pa á, a ó máa rántí rẹ̀ fún un. “Bàbá, ọlọ kì í yó. Ọjọ́ tó bá yó, iṣẹ́ tán nìyẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà láwọn tí wọ́n ń bọ́ nílé.”

“O ṣeun,” ni Jaldesa wí. Ó yíjú sí àwọn àgbà. “Ẹ̀yin baba mi, mo ti ń ṣọ́ ẹran nídìí ọpọ́n láti kékeré. Èyí tí òùngbẹ ń gbẹ, ó máa ń gbé orí, kódà bí kò yó. Ẹran tó bá tẹ orí mọ́ omi tí kò gbé e mọ́, kí là ń pè é?”

Wọ́n wo ara wọn. Níkẹyìn, àgbàlagbà inú ìdílé tó ni kànga yọ tábà lẹ́nu, ó ní, “Ara rẹ̀ ò dá.”

“Ara rẹ̀ ò dá. Mi ò gba ipò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Mi ò fọwọ́ kan ẹran tí òùngbẹ ń gbẹ. Àìsàn ló wà lára ẹran yìí, ẹran aláìsàn kì í sì í bá tàwọn yòókù mumi ní Gufu. Kó jáde.”

Ariwo sọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti fò dìde, wọ́n ń pariwo ayọ̀, wọ́n ń gbé Jaldesa sókè bí ọkọ ìyàwó. Getinet nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́. Ojú ọ̀nà òfin ló gbà wọlé, ojú ọ̀nà náà ni wọ́n sì fi sìn ín jáde, kò rí ibi tó fẹ́ di mú. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó kí àwọn àgbà pé àlàáfíà o, ó sì lọ.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Jaldesa ṣì wà lórí ìdúró. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí àgbàlagbà tó ni kànga.

“Ta ló dúró fún un?” ló bi wọ́n.

Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé onígbọ̀wọ́ ẹran aláìsàn máa ń bá a jáde ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ti Huqa yàtọ̀, màlúù gidi ni tìyẹn. Wọ́n ní Bàbá Ètò ni, ta ló máa tò wọ́n bó bá lọ? Ó ní bóun bá dúró, ẹran irin náà lè padà wá lọ́la, kó ní ẹnikẹ́ni ò lé onígbọ̀wọ́ òun, kí ló dé tí wọ́n lé òun. Ẹni tí kò sí nínú ètò ò sì lè to ètò. Àgbàlagbà náà gba ọ̀pá.

Tadhi bá a lójú ọ̀nà nígbà tó ń da màlúù rẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀gàn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. “Àbúrò mi,” ló wí, “kì í ṣe pé kí o lọ ni mo ní o.” Ó sunkún débi pé ó fi aṣọ bojú. Jaldesa ní kó lọ tọ́jú Magaala, bó bá bí abo, kó sọ ọ́ lórúkọ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i nínú ẹkún.

Ọ̀nà kànga Dambi, níbi tó ń da ẹran rẹ̀ lọ, jìn. Jaldesa ò rìn ín rí pẹ̀lú ẹran tó rù tó bẹ́ẹ̀. Màlúù kan jókòó lọ́nà, kò dìde mọ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ó sọkún fún èkíní, fún èkejì kò rí omijé sun. Nígbà tí àwọn tó kù gbóòórùn omi, wọ́n fi eré sí i, òun náà ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Wọ́n ti ń dín kọfí ní Dambi. Òórùn bọ́tà gbígbóná kún abẹ́ igi, ẹ̀rín sì ń sọ. Nínú ìbòòji kan, ọkọ̀ tánkà dúró, eruku Gufu ṣì wà lára rẹ̀. Getinet jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwọ bàtà. Ó rí Jaldesa, ó sì yára gbé ojú kúrò.

Bàbá Ètò ibẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ẹ̀rín ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ wá pàdé àgbà àlejò. Ó kí i dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ẹran, ó béèrè àlàáfíà ilé. Òfin wọn ò yàtọ̀ sí ti Gufu: àlejò tí ẹran rẹ̀ ò tíì mumi kì í sọ̀rọ̀ nípa ẹran ẹlòmíràn. Bó bá sọ ọ́, ó ti fi ẹnu rẹ̀ pàdánù ipò. Kò sẹ́ni tó mọ òfin yẹn ju Jaldesa lọ. Àìmọye ènìyàn ló ti fi lé.

“Ẹran wo lẹ kó wá, Bàbá?”

Jaldesa wo ẹ̀yìn. Ó wo àwọn màlúù rẹ̀ díẹ̀ tó kù, gbogbo wọn na ọrùn sí apá ibi tí omi wà.

“Màlúù ni,” ló wí. “Bí wọ́n bá mu ún, wọ́n á gbé orí. Bi ẹni tó wà níwájú mi bóyá tirẹ̀ máa ń gbé e.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó wo Jaldesa, ó wo tánkà, ó tún wo Jaldesa. Ẹnì kan gbé agbada kọfí sílẹ̀.

Jaldesa ò dúró kí wọ́n tó lé e. Ó di ìwo màlúù tó ṣíwájú mú, ó ń yí i padà sí ojú ọ̀nà. Ẹran náà kọ̀ fún un, ó fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ó ń gbóòórùn omi.